Èèkù Tí Ó Tún Jẹ́ Àkọ̀: Àlàyé Lórí Ọ̀bẹ Àpò àti Ohun Tí A Fi Ń Ṣe Èèkù Rẹ̀ ní Agbègbè Alímọ̀ṣọ́

Ìfáàrà

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà Yorùbá nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa yìí, ohun tí a sábà máa ń tẹnu mọ́ ni ère, ìlù, aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti ìkòkò. Bí ọ̀rọ̀ bá kan irin, ọ̀dọ̀ Ògún ni a máa ń gbà lọ tààrà. A ó sọ̀rọ̀ nípa agbẹ̀dẹ, ẹwìrì àti ọmọ owú, a ó sì fi àdá àti idà ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀bẹ kékeré tí ń bẹ nínú àpò ṣòkòtò àwọn àgbàlagbà kì í sí nínú ìjíròrò wa. Bí a bá tilẹ̀ mẹ́nu bà á, ojú rẹ̀ tí ń gé nǹkan ni a ó sọ̀rọ̀ lé lórí. Èèkù rẹ̀ kì í jẹ́ nǹkan kan lójú wa.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣe ni láti ṣe àlàyé èèkù náà: ohun tí a fi ń ṣe é, bí a ṣe lè dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì, àti ìdí tí ó fi yẹ kí ẹni tí ń kó irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ jọ mọ̀ ọ́n. Agbègbè tí mo ti ṣe ìwádìí ni Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, pàápàá Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò. Ilẹ̀ Àwórì ni ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìran Yorùbá tí a kò lè rí níbẹ̀ lónìí, a kò sì ní ṣàì rí Haúsá, Ìgbò, Ègùn àti Núpé. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, iye ènìyàn tí ìjọba àpapọ̀ kà sí Alímọ̀ṣọ́ jẹ́ 1,277,714. Àwọn tí ó ṣí wá sí ibẹ̀ kò wá lọ́wọ́ òfo. Ohun tí bàbá wọn fi sílẹ̀ wà nínú àpótí wọn, ọ̀bẹ àpò sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí kì í gba àyè púpọ̀ nínú àpótí.

Mo gbọdọ̀ jẹ́wọ́ pé kì í ṣe ìwé ni ó mú mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Àṣìṣe kan tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ni. N ó sọ ọ́ nígbà tí a bá dé ibi tí ó yẹ kí n sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ lórí Orúkọ

Gẹ́gẹ́ bí a ṣe mọ̀, iṣẹ́ tí ọ̀bẹ ń ṣe tàbí ẹni tí ń lò ó ni Yorùbá fi máa ń pè é. A ní ọ̀bẹ alápatà, a ní ọ̀bẹ adẹ́mu. Aṣóró ni èyí tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó. Abẹ ni ti onígbàjámọ̀ tí a fi ń fárí, abẹ náà ni oníkọlà fi ń kọlà. Ọ̀bẹ àpò nìkan ni ó gba orúkọ rẹ̀ láti ibi tí ó ń gbé. Àwọn àgbàlagbà tí mo bá sọ̀rọ̀ ní Ìkòtún ń pè é ní ọ̀bẹ àpò tàbí ọ̀bẹ tí ń kákò. Àwọn tí ó kàwé díẹ̀ nínú wọn ń pè é ní pẹ́náìfù. Orúkọ tí ó kẹ́yìn yìí ní ìtàn tirẹ̀. Láyé àtijọ́, ìyẹ́ ẹyẹ ni àwọn òyìnbó fi ń kọ̀wé, ọ̀bẹ kékeré sì ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹnu ìyẹ́ náà. Nígbà tí gègé irin dé, ìyẹ́ lọ, ọ̀bẹ kù, orúkọ náà sì kù pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé ilẹ̀ wa tí wọ́n fi irú ọ̀bẹ yìí gbẹ́ pẹ́ńsù kò jìnnà sí iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ dá a sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo èèkù. Yorùbá kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo ibi tí a ti ń di irinṣẹ́ mú. Ẹ̀rú ni ti ọkọ́ àti ti àáké, láti ibẹ̀ ni ẹ̀rúkọ́ ti wá. Èèkù ni ti ọ̀bẹ, ti àdá àti ti idà. Lójú tèmi, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì ni pé ẹ̀rú máa ń sọ apá ènìyàn di gígùn. Ó jẹ́ igi tí a fi ń na ọwọ́ dé ilẹ̀ tàbí dé ara igi mìíràn. Èèkù kì í mú apá gùn. Inú àtẹ́lẹwọ́ ni ó máa ń wà, ìka márààrùn-ún sì máa ń pa dé yí i ká. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń sọ pé bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í béèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Ẹni tí ó mú idà ní ojú rẹ̀ kò tíì ní idà. Èèkù ni àmì ìní.

Òwe méjì mìíràn kan ọ̀rọ̀ wa gbọ̀ngbọ̀n. Èkíní ni pé bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Èkejì ni pé ọ̀bẹ ń wólé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Nínú òwe kìn-ín-ní, èèkù jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ṣe fún ọ̀bẹ. Nínú èkejì, àkọ̀ jẹ́ ilé tí ọ̀bẹ ń sùn sí. Lára ọ̀bẹ tí a mọ̀ láti ilẹ̀ wá, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni èèkù àti àkọ̀: nígbà tí ọwọ́ bá di èèkù mú, àkọ̀ a wà ní ìbàdí. Ṣùgbọ́n lára ọ̀bẹ àpò, wọ́n di ọ̀kan. Ohun tí a dì mú nígbà tí a bá ń gé obì náà ni ilé tí ojú irin ń padà sí nígbà tí a bá gé e tán. Bí èèkù yìí bá wú, bí ó bá tẹ̀, tàbí bí oró bá ń jáde láti ara rẹ̀, inú rẹ̀ gan-an ni irin wà tí gbogbo rẹ̀ fi ń bá a. Èyí ni kókó tí ó ya ọ̀bẹ àpò sọ́tọ̀, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi fi sọ́kàn bí a ti ń lọ.

Bí Ọ̀bẹ Àpò Ṣe Dé Ọ̀dọ̀ Wa

N kò ní pẹ́ lórí ìtàn. Ìlú mẹ́ta ní ilẹ̀ Yúróòpù ni òkìkí wọn kàn jù fún iṣẹ́ ọ̀bẹ: Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Solingen ní Jámánì, àti Thiers ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn ará Sheffield ni wọ́n fi ọ̀bẹ ránṣẹ́ sí àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Jámánì ṣe èyí tí a ń pè ní Okapi ní ọdún 1902, wọ́n sì dìídì ṣe é fún títà ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ wọn nígbà náà. Láti ọdún 1988, ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà ni a ti ń ṣe Okapi. Igi ni èèkù rẹ̀, a sì máa ń fi idẹ tí a gé bí òṣùpá àti ìràwọ̀ lẹ̀ ẹ́ lára. Ó ní òrùka irin kan ní ẹ̀yìn tí a ń fà kí ojú rẹ̀ tó lè padà sínú èèkù, a sì máa ń gbọ́ ìró kàrà-kàrà bí a bá ń ṣí i. Ìró yìí ni ó sọ ọ́ di ohun tí a ń bẹ̀rù ní ibi púpọ̀, nítorí pé àwọn jàǹdùkú náà fẹ́ràn rẹ̀.

Ní ti àwọn Faransé, Joseph Opinel bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ọ̀bẹ tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní agbègbè Savoie ní ọdún 1890. Igi kan ṣoṣo tí a là ní àárín ni èèkù rẹ̀, òrùka irin tí a ń yí kí ojú ọ̀bẹ má baà pa dé mọ́ni lọ́wọ́ sì di ara rẹ̀ ní ọdún 1955. Ọ̀bẹ Douk-Douk tí a bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní Thiers ní ọdún 1929 kò ní igi tàbí egungun lára rárá. Irin pẹlẹbẹ tí a ká po ni èèkù rẹ̀, a sì ya àwòrán òrìṣà àwọn ará erékùṣù Melanesia sí i. Àwọn ará Melanesia ni a ṣe é fún, ṣùgbọ́n àwọn ará Àríwá Áfíríkà, pàápàá Àlùjíríà, ni ó wá tẹ́wọ́ gbà á jù. Mo rí Opinel méjì ní Ìgàndò lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n máa ń gba ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ lọ ná ọjà ní Kútọnu. Ilẹ̀ tí Faransé ṣe àkóso lé lórí kò jìnnà sí Alímọ̀ṣọ́ bí a ṣe rò.

Ọ̀nà mẹ́ta mìíràn tún wà. Ti àkọ́kọ́ ni ogun: àwọn ọmọ ogun wa tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọkànlélọ́gọ́rin àti kejìlélọ́gọ́rin, tí wọ́n jagun ní Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, gba ọ̀bẹ kíkákò lọ́wọ́ ìjọba, àwọn kan sì mú un bọ̀ wálé. Ti èkejì ni òkìrìkà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ná ọjà Katangówà ní Abúlé-Ẹ̀gbá rí yóò mọ̀ pé kì í ṣe aṣọ nìkan ni a ń rí nínú ìdì aṣọ. Ti ẹ̀kẹta ni ẹ̀bùn láti ọwọ́ àwọn ọmọ tí ó wà ní òkè òkun, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀bẹ pupa àwọn ará Switzerland, tí wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀ láti ọdún 1897.

Ohun Tí A Fi Ń Ṣe Èèkù

Igi ni ó pọ̀ jù. Agbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa máa ń ki ìdí ọ̀bẹ tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìrù bọ iná títí yóò fi pọ́n, yóò sì fi jó ihò sínú igi kí igi náà lè gbá a mú ṣinṣin. Apá dára fún èyí nítorí pé ó le, omi kì í sì í tètè bà á jẹ́. Mo rí èyí tí a fi igi gúáfà ṣe àti èyí tí a fi igi ọsàn ṣe. Igi dúdú ni àwọn òyìnbó fẹ́ràn jù nínú igi ilẹ̀ Áfíríkà, ṣùgbọ́n ó máa ń sán bí ọyẹ́ bá mú. Igi tí ó wà lára Opinel kì í ṣe igi ilẹ̀ olóoru, ìṣòro rẹ̀ sì ni pé ó máa ń mu omi. Bàbá kan ní Ìgàndò sọ fún mi pé ọ̀bẹ òun máa ń gba ìsinmi láti oṣù kẹfà títí di oṣù keje. Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ohun tí ó ń sọ ni pé bí òjò bá ti ń rọ̀ lemọ́lemọ́, igi náà a wú, a sì fún ojú irin mọ́ inú tí kò fi ní ṣeé ṣí. Bàbá yìí kì í fi agbára fà á. Yóò gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ààrò fún ọjọ́ mélòó kan, yóò sì ṣí fúnra rẹ̀.

Ìwo ni ó tẹ̀ lé igi. Ìwo màlúù kò wọ́n wa. Ẹni tí ó bá dé ilé ìpẹran Oko-Ọba ní Agége, tí kò jìnnà sí Alímọ̀ṣọ́, yóò rí ìwo tí a kó jọ bí òkìtì. Bí a bá fi iná tàbí omi gbígbóná rọ ìwo, ó ṣeé tẹ̀ pẹlẹbẹ, a sì lè gé e bí pákó. Ohun tí ó wà nínú èékánná àti irun ènìyàn náà ni ó wà nínú ìwo, nítorí náà ni ó fi máa ń rùn bí irun tí ó jóná bí iná bá kàn án. Kòkòrò máa ń jẹ ẹ́. Bí a bá fi í sílẹ̀ nínú oòrùn, ó máa ń ká kúrò lára irin. Ìwo àgbọ̀nrín yàtọ̀ sí èyí pátápátá, nítorí pé egungun ni, ẹranko náà sì máa ń rẹ̀ ẹ́ dànù lọ́dọọdún. Ìwo àgbọ̀nrín sambar ti ilẹ̀ Íńdíà ni àwọn ará Sheffield kúndùn jù, ṣùgbọ́n Íńdíà ti fòfin de kíkó o jáde.

Egungun ni ó yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé òun ni ó máa ń tan ènìyàn jẹ. Egungun ojúgun màlúù ni a máa ń lò. A ó sè é kí ọ̀rá inú rẹ̀ lè jáde, a ó là á sí pẹlẹbẹ méjì, a ó fín in kí ara rẹ̀ lè rí ṣákáṣàka bí ìwo àgbọ̀nrín, a ó sì pa á láró. Bí a kò bá fín in, bí ó bá sì ti pẹ́ lọ́wọ́ títí ó fi pọ́n díẹ̀ tí ó sì ń dán, àwọn ènìyàn a máa pè é ní eyín erin. Ọ̀pọ̀ èèkù tí a fi hàn mí ní Ẹ̀gbẹ́dá gẹ́gẹ́ bí eyín erin ni kì í ṣe eyín erin.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀? Bí a bá wo egungun dáadáa, pàápàá pẹ̀lú awò tí ń sọ nǹkan di ńlá, a ó rí àwọn ojú ihò àti ilà dúdú kéékèèké tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nígbà tí ẹran náà wà láàyè. Eyín erin kò ní wọn. Ohun tí eyín erin ní, níbi tí a bá gé e ní ìbú, ni àwọn ilà tí ó gba inú ara wọn kọjá bí àwọ̀n. Igun tí àwọn ilà wọ̀nyí ń ṣe tóbi lára eyín erin tòde òní, ó sì máa ń ju ìwọ̀n 115 lọ. Lára ti erin onírun tí ó ti parẹ́ láyé, kì í tó 90. Àwọn kan máa ń gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kí ó fi abẹ́rẹ́ gbígbóná gún èèkù náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dán an wò. Lọ́nà kìíní, ó ń ba nǹkan jẹ́. Lọ́nà kejì, bí ohun náà bá jẹ́ sẹ́lúlọ́ìdì, iná ni yóò sọ.

Sẹ́lúlọ́ìdì yìí ni ọ̀tá ilé tí a kò fura sí. John Wesley Hyatt ará Amẹ́ríkà ni ó sọ ọ́ di ohun òwò ní nǹkan bí ọdún 1870, nígbà tí ó ń wá ohun tí a lè fi rọ́pò eyín erin fún bọ́ọ̀lù tí a fi ń ta ayò orí tábìlì. Òwú tí a fi ásíìdì sè ni a pò mọ́ káńfọ̀. Ó dára lójú púpọ̀: a lè ṣe é kí ó dà bí eyín erin, bí ẹ̀yìn ahun, tàbí bí ìkarahun tí ń kọ mànà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dàgbà, pàápàá nínú ooru, ó máa ń jẹ ara rẹ̀, oró ásíìdì a sì máa jáde láti inú rẹ̀. Nígbà tí èèkù ti jẹ́ àkọ̀, irin tí ó wà nínú rẹ̀ ni oró náà yóò kọ́kọ́ kọlù. Kò sì dúró lórí èyí nìkan. Ọ̀bẹ mìíràn tí ó bá bá a wà nínú agolo kan náà yóò dógùn-ún pẹ̀lú. Ọ̀gá awakọ̀ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ní Ẹ̀gbẹ́dá kó ọ̀bẹ mọ́kànlá sínú agolo bísíkíìtì, ó sì dé e pa kí atẹ́gùn má baà wọ̀ ọ́. Nígbà tí a ṣí i, ọ̀kan nínú wọn, tí èèkù rẹ̀ dà bí ẹ̀yìn ahun, ti fọ́ wẹ́wẹ́ bí ṣúgà, àwọn tí ó sì sún mọ́ ọn jù ti pọ́n kankan. Ó ní àwọn ọ̀tá òun ni wọ́n ṣe é. Mo sọ fún un pé káńfọ̀ ni. Ọ̀nà tí ó dára jù láti dá sẹ́lúlọ́ìdì mọ̀ ni kí a fi àtàǹpàkò ra á títí yóò fi móoru díẹ̀, kí a sì gbóòórùn rẹ̀. Yóò máa ta bí òróró Robb. (Kì í ṣe òórùn hóró funfun tí a ń fi sáàárín aṣọ, tí wọ́n ń pè ní káńfọ̀ lọ́jà. Ohun mìíràn ni ọ̀pọ̀ nínú ìyẹn.)

Àwọn ohun tí ó tẹ̀ lé e kò ní wàhálà púpọ̀. Micarta, tí a fi aṣọ tàbí bébà àti oje kẹ́míkà ṣe, wà láti nǹkan bí ọdún 1910. Delrin dé ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, ó sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ egungun. Ike lásán ni gbogbo wọn. Wọn kì í wú, kòkòrò kì í jẹ wọ́n. N kò tíì rí ẹni tí ó sunkún nítorí wọn.

Eyín erin gan-an ńkọ́? Ní ilẹ̀ Yorùbá, Ọ̀wọ̀ ni a ti mọ iṣẹ́ eyín erin jù, àwọn olóyè ibẹ̀ sì ní idà àyẹ́sí kan tí a ń pè ní udamalore, èyí tí a mọ̀ tí a fi eyín erin ṣe. Ti àwọn Sheffield jẹ́ òwò, ilé iṣẹ́ Joseph Rodgers sì lókìkí fún eyín erin tí ó kó pamọ́. Inú igbó Áfíríkà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti jáde. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá ń yin ẹwà irú èèkù bẹ́ẹ̀ rántí pé ilẹ̀ yìí ni erin náà kú sí, pé ọkọ̀ ojú omi gbé eyín rẹ̀ lọ, àti pé a tún fi owó ra á padà gẹ́gẹ́ bí ọ̀bẹ.

Àṣìṣe Tí Mo Mẹ́nu Bà

Bàbá bàbá mi wà lára àwọn tí ó lọ sí Bọ́mà. Ọ̀bẹ tí ó mú bọ̀ ní ojú kan tí ó fẹ̀, ohun tí a fi ń ṣí agolo, àti irin ṣóńṣó kan tí a fi ń tú okùn. Èèkù rẹ̀ dúdú, a fín in bí àwọ̀n, àmì ọfà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì wà lára irin rẹ̀. Bàbá mi jogún rẹ̀. Gbogbo àárọ̀ ni ó fi ń gé obì. Nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, mo wò ó pé èèkù náà ti sán, ó sì ti rí jágajàga. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó yọ èèkù àtijọ́ dànù, ó fi apá dáradára ṣe òmíràn, ó sì fi fáníìṣì kùn ún títí ó fi ń dán. Mo fi í fún bàbá mi ní ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́. Wọ́n yí i lọ́wọ́, wọ́n sì fi àtàǹpàkò wá nǹkan kan lára rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n béèrè pé, “Àwọn ọmọ náà dà?”

N kò mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ìgbà náà ni wọ́n sọ fún mi pé bàbá wọn fi wáyà gbígbóná lu ihò kéékèèké méje sí ẹ̀gbẹ́ kan èèkù náà, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ó bí. Méjì nínú àwọn ọmọ náà kú kí wọ́n tó rìn. A kì í pe orúkọ wọn nínú ilé. Ibì kan ṣoṣo tí a ti kà wọ́n mọ́ ọmọ ni ara ọ̀bẹ yẹn. Mo sáré padà sọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà náà. Wọ́n ti gbá ilẹ̀, wọ́n sì ti da ìdọ̀tí nù láti ọjọ́ méjì.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí a káàánú mi ni mo ṣe sọ ìtàn yìí. Mo fẹ́ kí a fi í wo ìbéèrè kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè máa ń bi ara wọn nípa àáké bàbá àgbà tí a ti pààrọ̀ irin rẹ̀, tí a sì ti pààrọ̀ ẹ̀rú rẹ̀: ṣé àáké kan náà ni? Bí a bá wò ó ní ojú Yorùbá, ìdáhùn náà kì í ṣe ẹyọ kan. Bí ẹnìkan bá fẹ́ búra níwájú ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀, irin ni yóò fẹnu kàn. Kò sí ẹni tí yóò béèrè èèkù, nítorí pé irin ni ti Ògún. Ní ọ̀nà yìí, ọ̀bẹ bàbá bàbá mi ṣì ni. Ṣùgbọ́n irin kì í gba àmì ọwọ́. A máa ń pọ́n ọn, gbogbo pípọ́n sì ń mú díẹ̀ lọ nínú rẹ̀. Èèkù ni òógùn ń wọ̀, òun ni ìka ń jẹ, òun ni ènìyàn lè fi wáyà kọ nǹkan sí. Kí a sojú abẹ níkòó, èèkù ni apá tí ó jẹ́ ti ènìyàn lára ọ̀bẹ, òun náà sì ni a máa ń kọ́kọ́ sọ nù.

Àkójọ, Ìtọ́jú àti Òfin

Àwọn tí ń kó ọ̀bẹ àpò jọ ní Alímọ̀ṣọ́ kò pọ̀, wọn kò sì pe ara wọn ní orúkọ kankan. Àwọn àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n fẹ́ràn ohun tí ó le, wọ́n sì ń fi ara pamọ́ díẹ̀ nítorí pé ọlọ́pàá tí ó bá bá ọ̀bẹ lápò ènìyàn lójú pópó kì í bèèrè ìtàn rẹ̀. Ẹni tí ó ran ìwádìí mi lọ́wọ́ jù ni Haúsá kan tí ń gbé òkúta ìpọ́nbẹ kiri ní Ìkòtún. Ó mọ ilé tí ọ̀bẹ wà, ó sì mọ irú irin tí ó wà níbẹ̀. Òun ni ó kọ́ mi pé epo ẹ̀rọ ìránṣọ ni ó dára fún oríkèé ọ̀bẹ, nítorí pé epo pupa àti òróró ìdáná máa ń dì bí àtè bí ó bá pẹ́. Ohun tí mo lè fi kún un ni pé kí a má ṣe fi ọ̀bẹ pamọ́ sínú awọ fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé awọ ń gba ọ̀rinrin mọ́ra. Kí a sì ya gbogbo ohun tí ó bá ń ta bí Robb sọ́tọ̀, ní ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, jìnnà sí iná. Èèkù tí ó sán kò pọn dandan kí a pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá di dandan, kí a fi okùn so èyí tí a yọ pọ̀, kí a sì kọ ọjọ́ sí i.

Ní ti òfin, ohun méjì ni kí a mọ̀. Nàìjíríà wọ inú àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko tí ó ń parẹ́ ní ọdún 1974, àwọn ìjọba tí ó wà nínú àdéhùn náà fẹnu kò ní Lausanne ní ọdún 1989 láti dá òwò eyín erin láàárín orílẹ̀-èdè dúró, ilẹ̀ wa sì ti ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 1985. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2018, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2022. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbé èèkù eyín erin bàbá rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lè rí wàhálà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé egungun màlúù gan-an ni, títí tí yóò fi rí ẹni tí yóò bá a wo àwọn ilà inú rẹ̀. Èkejì ni òfin ọdún 1979 tí ó dá Àjọ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé àti Ohun Ìrántí sílẹ̀. A kò gbọdọ̀ kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Abẹ oníkọlà àtijọ́ tàbí idà olóyè lè bọ́ sí abẹ́ òfin yìí. Ọ̀bẹ Sheffield kò jọ ohun tí yóò bọ́ sí abẹ́ rẹ̀.

Ìwé àkọsílẹ̀ tí mo ń ṣe fún àwọn ọ̀bẹ tí mo rí ní àyè fún ibi tí a ti ṣe irin, ohun tí a fi ṣe èèkù, ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín, iṣẹ́ tí ó fi ṣe, àti àmì tí ó wà lára èèkù, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Ìbéèrè tí ó kẹ́yìn yìí kò sí nínú ìwé àwọn òyìnbó tí ń kó ọ̀bẹ jọ tí mo rí. Àbùkù ni wọ́n máa ń ka irú àmì bẹ́ẹ̀ sí, wọn a sì dín owó ọ̀bẹ kù nítorí rẹ̀. Ní ojú ewé tí ọ̀bẹ ti Bọ́mà wà, bàbá mi pe orúkọ méjèèje fún mi ní ọdún tí ó kọjá, títí kan àwọn méjì tí n kò gbọ́ rí, mo sì kọ wọ́n síbẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò kan ọ̀bẹ alápatà àti ti adẹ́mu, bẹ́ẹ̀ ni kò kan abẹ ìkọlà, tí ó tó iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Mo ní láti padà sí Ẹ̀gbẹ́dá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé agolo bísíkíìtì yẹn ṣì wà ní dídé nígbà tí mo lọ síbẹ̀ kẹ́yìn.